Asẹ́ Tí Kò Mọ Àkọtọ́: Ìdí Tí Ṣíṣà àti Pípín Ìròyìn lórí Àwọsánmà Fi Kan Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọ̀rọ̀ yìí bá ènìyàn mu, ṣùgbọ́n kò bá kọ̀ǹpútà mu. Bí a bá sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ààbọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ títí. Bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá sì yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ní kí ó máa ṣọ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó gbà pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni òun rí. Orí àbùdá ẹ̀rọ yìí ni a gbé èrò wa kà nínú iṣẹ́ kékeré yìí.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba owó lọ́wọ́ aráyé láti lo kọ̀ǹpútà wọn láti òkèèrè ń gbà ṣa ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń ya wọlé bí odò, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn ètò kéékèèké tí yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pe irú ìpèsè bẹ́ẹ̀ ní cloud, ìyẹn àwọsánmà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé gidi lórí ilẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa sọ. Èrò tiwa ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Asẹ́ tí a fi ń ṣa àwọn ìròyìn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ni a fi hun ún. Ẹni tó bá kọ òfin asẹ́ náà láìmọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ lè da ìròyìn tí a kọ ní Yorùbá nù, kí ó má sì mọ̀ pé òun da ohunkóhun nù. Nítorí náà, a gbà pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Yorùbá gbọ́dọ̀ di ara ẹ̀kọ́ àkọtọ́ tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Kí èyí tó lè yé wa, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Oníbodè, asẹ́ àti aláàárù

Ní ayé àtijọ́, ìlú tó bá ní odi a máa ní bodè, bodè a sì ní oníbodè. Àlejò tó bá dé yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tó bá wá. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, oníbodè yóò gba owó bodè, yóò sì júwe ọ̀nà ọjà fún un. Bí ó bá jẹ́ ikọ̀ tó gbé àrokò lọ́wọ́, ààfin ni yóò darí rẹ̀ sí. Kò pọn dandan kí oníbodè mọ ìtumọ̀ àrokò náà. Ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Bí iṣẹ́ orí àwọsánmà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ètò kan ni ètò náà lè kéde: ẹnìkan sanwó, ẹnìkan fi àwòrán ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìkéde kọ̀ọ̀kan dà bí ìwé pélébé kan tí a kọ orísun ìṣẹ̀lẹ̀, irú ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ àti kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ sí. Òun ni a ó máa pè ní ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀. Kí ìwé pélébé yìí má baà ní ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, àjọ tó ń jẹ́ Cloud Native Computing Foundation gbé ẹ̀dà 1.0 ìlànà CloudEvents jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ohun mẹ́rin ni ìlànà náà sọ di dandan fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan: àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, orísun rẹ̀, irú rẹ̀, àti ẹ̀dà ìlànà tí a tẹ̀ lé.

Ẹni tó ń gba ìròyìn wọ̀nyí tó sì ń pín wọn ni a fi wé oníbodè. Ti ilé-iṣẹ́ Amazon ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n gbé CloudWatch Events jáde. Ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n sọ ọ́ di EventBridge, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó lè máa gba ìròyìn láti inú ètò àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Microsoft ní tirẹ̀, Event Grid. Google náà ní tirẹ̀, Eventarc. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bodè kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Oníbodè yìí kò ní làákàyè ti ara rẹ̀. Òfin ni a kọ fún un. Òfin kọ̀ọ̀kan ní apá méjì. Apá kìíní ni asẹ́, tó sọ irú ìròyìn tí a fẹ́. Apá kejì sọ ibi tí ìròyìn tó bá kọjá nínú asẹ́ yóò gbà lọ. Nínú EventBridge, òfin kan lè darí ìròyìn kan ṣoṣo sí ibi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ iṣẹ́ asẹ́: omi ògì a kọjá sísàlẹ̀, èèpo àgbàdo a dúró lókè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ìyàwó ilé tó ń sẹ́ ògì ń rí èèpo tó kù lókè pẹ̀lú ojú rẹ̀. Oníbodè orí àwọsánmà kì í fi ohun tó kù han ẹnikẹ́ni, àfi bí a bá dìídì ní kí ó fi hàn.

Níkẹyìn, aláàárù ni ó ń gbé ẹrù náà. Ìyẹn ni ètò kékeré tí kì í ṣe ohunkóhun títí ìròyìn yóò fi dé. Bí ìròyìn bá dé, a jí, a ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, a sì padà sùn. Amazon kéde irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lambda, ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Iye ìgbà tí a bá pè é àti iye àsìkò tó bá fi ṣiṣẹ́ ni a ń sanwó lé lórí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sanwó fún aláàárù ọjà lórí ẹrù tó bá rù. Ìpè kan kò sì lè kọjá ìṣẹ́jú 15. Àwọn onímọ̀ ń pe irú iṣẹ́ yìí ní serverless. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀ o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ni iṣẹ́ kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti rà, láti tàn tàbí láti tún ṣe.

Ìdí tí asẹ́ fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Bí kò bá sí asẹ́, gbogbo ìròyìn ni yóò máa jí aláàárù, a ó sì máa sanwó fún ìjí asán. Èyí ló mú kí Amazon fi asẹ́ síwájú Lambda fúnra rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, kí ìròyìn tó ń bọ̀ láti inú ìlà ìdúró tàbí láti inú ìṣàn má baà jí i lásán. A kò lòdì sí asẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá ń hun asẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ sẹ́.

Àdánù tí kì í pariwo

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ẹ̀ka Yorùbá kan tó fẹ́ kó ohùn àwọn apohùn ìbílẹ̀ jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà ìsinmi, ó bá bàbá àgbàlagbà kan tó mọ ìjálá sun dáadáa, ó sì gba ohùn bàbá sílẹ̀ sórí fóònù. Ó kọ orúkọ bàbá, orúkọ ìlú àti ẹ̀yà lítíréṣọ̀ náà sínú fọ́ọ̀mù, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ohùn náà ti dé ibi ìpamọ́, ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ jáde pé ohun tuntun dé, ìjálá sì ni. Òfin kan wà ní bodè tó sọ pé kí ìròyìn tó bá ti ní ìjálá nínú lọ sọ́dọ̀ aláàárù tó ń kọ nǹkan sínú àkójọ ìjálá, tó sì ń fi tó olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà létí. Òfin mìíràn wà fún ẹkún ìyàwó, òmíràn wà fún rárà, òmíràn fún ọfọ̀.

Ohun méjì ló lè bàjẹ́ níbí, wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni pé kí asẹ́ mọ ìròyìn náà, ṣùgbọ́n kí ọ̀nà ibi tó yẹ kó lọ dí. Àwọn tó ṣe EventBridge ti ronú sí èyí. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, yóò máa gbìyànjú fún wákàtí 24, ó sì lè gbìyànjú tó ìgbà 185. Bí kò bá tún bọ́ sí i, ó lè gbé ìròyìn náà sínú àpótí ìròyìn tí kò délé, bí a bá ti pèsè irú àpótí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Èkejì ni pé kí asẹ́ má mọ ìròyìn náà rárá. Níbí yìí, kò sí ìgbìyànjú, kò sí àpótí, kò sí ìkìlọ̀. Lójú oníbodè, kò sí àṣìṣe kankan tó ṣẹlẹ̀: a ní kí ó mú ìjálá, ohun tó dé kì í ṣe ìjálá, ó jẹ́ kí ó kọjá lọ. Ti asẹ́ iwájú Lambda tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìròyìn bá wá láti inú ìlà ìdúró tí Amazon ń pè ní SQS, tí kò sì bá asẹ́ mu, ńṣe ni a ń pa á rẹ́ kúrò nínú ìlà náà.

Kí ni àbáyọrí rẹ̀? Ohùn bàbá wà níbi ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú àkójọ kankan, olùkọ́ kò gbọ́ pé ó dé, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé òun ti jíṣẹ́. Bí bàbá bá papò dà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ṣì wà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú náà ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Ibi tí àkọtọ́ ti wọ ọ̀rọ̀

Ẹnìkan lè wí pé kò yẹ kí asẹ́ má mọ ìjálá nígbà tó jẹ́ pé ìjálá ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ìjálá náà sì ni òfin wí. Ojú ọ̀rọ̀ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń wò. Nọ́ńbà ni ó ń kà. Ètò kan wà tí gbogbo ayé ń lò, Unicode ni orúkọ rẹ̀, tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà 26 tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni lẹ́tà kékeré kọ̀ọ̀kan ní, lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹyọ kan tirẹ̀. Lẹ́tà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ́, ìyẹn ọ tó gba ohùn òkè. O lásán ní nọ́ńbà. Àmì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+0323. Àmì ohùn òkè ní tirẹ̀, U+0301. Ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀ tún ní nọ́ńbà lódindi, U+1ECD. Ó tó ti ní àmì ohùn lórí náà ní ti ara rẹ̀, U+00F3. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ́ kan ṣoṣo: kí á mú ọ lódindi, kí á fi ohùn lé e, kí á mú ó lódindi, kí á fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí á mú o lásán, kí á kọ́kọ́ fi ti ìsàlẹ̀ sí i, kí á tó fi ohùn lé e, tàbí kí á mú o lásán, kí á kọ́kọ́ fi ohùn lé e, kí ti ìsàlẹ̀ ó tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀ láàrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń ka nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bí a bá ṣe ìṣirò yìí fún ìjálá, fáwẹ̀lì mẹ́ta ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ọ̀nà méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 8. Ọ̀yọ́ ní fáwẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà 16 ni a lè gbà kọ orúkọ ìlú náà, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tọ̀nà lójú olùkọ́ àkọtọ́. Bí a bá kọ Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà tó kúrú jù lọ, nọ́ńbà 5 ni yóò jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá tú gbogbo àmì rẹ̀ palẹ̀, yóò di 7. A kò tíì ka àwọn tó ń fi ìlà kékeré sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà dípò àmì tó jẹ́ tótó, èyí tó ní nọ́ńbà mìíràn pátápátá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kan asẹ́. Ìwé ìlànà EventBridge fúnra rẹ̀ sọ pé nọ́ńbà sí nọ́ńbà ni òun fi ń wé ọ̀rọ̀, láìtún ìrísí ọ̀rọ̀ kankan ṣe. Lóòótọ́, a lè bẹ̀ ẹ́ kí ó fojú fo ìyàtọ̀ tó wà láàrin lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan bí a ṣe to àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó kọ òfin bá lo àtẹ lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lo òmíràn lórí fóònù, àwọn méjèèjì lè kọ ìjálá láìṣì í kọ, síbẹ̀ kí asẹ́ má so wọ́n pọ̀ láé.

Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ ajíhìnrere pé jọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1974, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Ohun tí àwọn aṣáájú wa ń lépa ni pé kí ọ̀rọ̀ kan má ṣe ní ìrísí méjì lórí ìwé. Wọ́n ṣe é láṣeyọrí. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìwé ti ní ìpele mìíràn báyìí, níbi tí nọ́ńbà wà, ní ìpele yẹn, àìfẹnukò ọjọ́ kìíní ni a tún wà.

Èsì sí àwọn tó lè takò wá

Àwọn kan yóò ní ojútùú rẹ̀ kò le: kí á má fi àmì sí ọ̀rọ̀ mọ́ bí a bá fẹ́ fún kọ̀ǹpútà. A kò fara mọ́ èyí. Bí a bá yọ gbogbo àmì kúrò, ọfọ̀ tí babaláwo ń pè, ọ̀fọ̀ tí à ń ṣe fún òkú, àti òfo tí kò ní nǹkan kan nínú yóò di ọ̀kan náà. Asẹ́ tó ń wá ọfọ̀ yóò máa kó ọ̀fọ̀ mọ́ ọn. Olùkọ́ Yorùbá tó bá gba ìmọ̀ràn yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ rú, nítorí kò sí ohun tí yóò sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ nípa pàtàkì àmì ohùn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà yóò sọ èyí tó gbọ́n ju ìyẹn lọ: kò yẹ kí á máa fi ọ̀rọ̀ gidi ṣe asẹ́ rárá. Kí á fún ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, kí ìjálá jẹ́ 01, kí rárà jẹ́ 02, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú nínú àkójọ dípò kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Níbi tí kóòdù bá ti lè ṣiṣẹ́, kóòdù ni kí á lò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ àkójọ náà? Ẹni tí kò kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn lè fi iwì sí ibì kan, kí ó fi ẹ̀sà sí ibòmíràn, láìmọ̀ pé ohùn egúngún kan náà ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ó sì lè fi iwì nìkan síbẹ̀, kí ẹni tó gba ẹ̀sà sílẹ̀ má rí ibi tí yóò mú. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ ènìyàn àti orúkọ àdúgbò kò ṣeé sọ di kóòdù tán. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. A kì í wo àkójọ.

Àwọn mìíràn yóò ní iná mànàmáná kò dúró, owó dátà wọ́n, ọ̀rọ̀ àwọsánmà ṣì jìnnà sí wa. Àwa wí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa kí á tó mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò mọ irú ètò tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ìròyìn tí ẹ̀rọ ń ṣà.

Ohun tí a ń fẹ́ kí á ṣe

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ àkọtọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ìpín kan lórí lẹ́tà Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà. Unicode ní ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sókè yìí di ọ̀kan. Ìrísí tó kúrú, tó ń lo lẹ́tà odindi níbi tó bá wà, ni wọ́n ń pè ní NFC. Èyí tó ń tú gbogbo àmì palẹ̀ ni NFD. Àbá tiwa ni pé kí á fẹnu kò lórí NFC fún gbogbo iṣẹ́ wa. Irinṣẹ́ tó ń ṣe é wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Python àti nínú JavaScript. Ìlà kan péré ni a ó kọ.

Èkejì, kí á ṣe àtúnṣe náà kí ìròyìn tó dé bodè. Asẹ́ kò lè ṣe é, nítorí náà ètò tó ń gba fọ́ọ̀mù ni kí ó ṣe é, kí ẹni tó ń kọ òfin asẹ́ náà sì rí i pé ọ̀rọ̀ inú òfin rẹ̀ wà ní ìrísí kan náà. Bí ẹnìkan bá ṣe tirẹ̀, tí ẹnìkejì kò ṣe tirẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, kí bodè kọ̀ọ̀kan ní òfin ìkẹyìn. EventBridge gbà kí á kọ òfin tó ń mú gbogbo ohun tí kì í bá ṣe èyí tàbí ìyẹn. Kí á lò ó láti kó ìròyìn tí àwọn òfin yòókù kò mọ̀ sójú kan, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó gbọ́ Yorùbá sì máa wò ó lọ́ṣẹ̀ọ̀ṣẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni ọ̀nà ti wà láti tọ́jú ìròyìn pamọ́ nínú EventBridge, kí á sì tún un fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti tún òfin ṣe. Ẹni tó bá lo èyí, bí asẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì í, kò ní pàdánù.

Ẹ̀kẹrin, kí á fún nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ Yorùbá tó dúró. Ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ ṣíṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà kí irú iṣẹ́ orí àwọsánmà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀, oníbodè, asẹ́ àti aláàárù tí a lò nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ àbá. Bí ẹnìkan bá ní èyí tó dára jù wọ́n lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí olùkọ́ máa ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìrírí wa fún akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ẹni pé láti òkè òkun nìkan ni òye rẹ̀ ti lè wá.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé bí ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ń dé bodè orí àwọsánmà, bí asẹ́ ṣe ń ṣà á, àti bí a ṣe ń gbé e fún aláàárù. A fi hàn pé ìròyìn tí ọ̀nà dí mọ́ ní olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí asẹ́ kò mọ̀ kò ní ẹnìkan, àti pé ọ̀nà púpọ̀ tí a lè gbà kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà nínú kọ̀ǹpútà lè sọ ọ̀rọ̀ wa di èyí tí asẹ́ kò mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tó ń hun asẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá wa. Wọn kò gbọ́ èdè wa ni. Bí àwa tí a gbọ́ ọ kò bá sọ fún wọn bí a ṣe ń kọ ọ́, tí a kò sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ ní ìrísí kan ṣoṣo, kí á má ṣe dá ẹ̀rọ lẹ́bi lọ́jọ́ tí a bá ń wá ohùn bàbá oníjàálá tí a kò rí i. Kí olùkọ́ tó bá ka iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara kíláàsì tirẹ̀: kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá fi fóònù wọn kọ Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí òun, kí ó sì ka iye nọ́ńbà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.